Ife nǹkan oṣù mi kò jò mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ rántí pé mo ráhùn pé ife nǹkan oṣù mi, ife rírọ̀ kékeré tí mo ń tì sójú ara láti gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, ń jò, tí mo sì fẹ́ jù ú nù. Kò jò mọ́ o! Ohun tó mú kó máa jò ni pé kì í ṣí tán nínú mi. Ní báyìí, bí mo bá ti tì í wọlé, màá fi ìka tọ ìdí rẹ̀ yí ká. Bí ibì kan bá ṣì ká kò, màá rọra yí i títí yóò fi ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má kàn fa ìrù rẹ̀, ó ń dunni! Ẹ fi ìka fún ìdí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé ná. Mi ò jẹ́ kó pẹ́ nínú mi ju wákàtí 12 lọ. Ẹni tó ní kí n ra èyí tó kúrú, torí ọrùn ilé ọmọ mi wà nísàlẹ̀, ẹ ṣeun gan-an ni.