Ẹ̀yin tó ti wo Hamilton: báwo la ṣe máa fi orin ṣe ọdún 1953?

Ọmọ Àdétà: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ òṣèré wa n'Ílọrin ti wo Hamilton, eré olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa Alexander Hamilton, ọ̀kan nínú àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀; fíìmù rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2020 la wò. A fẹ́ fi orin ṣe eré nípa àwọn tó jà fún òmìnira Nàìjíríà, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àbá tí Anthony Enahoro gbé wá sílé aṣòfin l'Ékòó ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 1953. Ṣùgbọ́n tá a bá fi Yorùbá sáré kọrin (rap) bíi tiwọn, ohùn ń dàrú. Kí la máa mú níbẹ̀?

Alùdùndún: Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe orin, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu, kò ní ṣàì sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ pè é lẹ́nu lásán, kí ìyáàlù fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó wá orin sí i. Dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ti yanjú ọ̀ràn yìí tipẹ́, torí ara ohùn egúngún ló ti yọ: ó ń sáré, ìtumọ̀ ò sọnù. Ibi tí àwọn mínísítà ti ń fi orin jiyàn nínú Hamilton, tí kálukú di gbohùngbohùn mú, òun ló bá a mu jù. Enahoro ní 1956 ni kí ìjọba ara-ẹni dé. Sàdáúnà (Ahmadu Bello), olórí àwọn aṣòfin Àríwá, ní kí wọ́n yọ ọdún kúrò, kó di ìgbà tó bá ti ṣeé ṣe. Ìlà mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó, kí ègbè gba méjì.

Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ni. Bí òun àti òṣèré bá jọ sọ̀rọ̀, a ò ní gbọ́ ìkankan. Kí gúdúgúdú máa mú ìlù lọ jẹ́jẹ́, kí ìyáàlù dáhùn níparí ìlà.

Ọ̀fà Mọjọ̀: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ tún wo ẹni tó ń sọ ìtàn nínú Hamilton: Aaron Burr tó yìnbọn pa Hamilton ni. Ẹ fi ọmọ Ìlọrin tàbí ọmọ Ọ̀fà síbẹ̀, ẹni tó ń sọ Yorùbá tí wọ́n pín sí Àríwá. Kò sí ẹni tí ìjà náà dùn tó o. J. S. Ọláwọyin ará Ọ̀fà jà pé kí wọ́n dá Ìlọrin àti Kábbà padà sí Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ má yí ìtàn o. Nínú Hamilton, wọ́n ní bàbá Angelica, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Hamilton, kò bímọ ọkùnrin. Ó bí wọn, Angelica sì ti lọ́kọ láti 1777. Àwọn ará ibẹ̀ lè gbà á. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú AG (Action Group) àti NCNC jáde nílé aṣòfin, ìjà Kánò wáyé ní oṣù karùn-ún, ìpàdé London ní oṣù keje. Bí Kánò bá ṣáájú àbá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tó fà á.

Ẹlẹ́rọ Ohùn: Ẹ má fi gbohùngbohùn há àyà agbádá. Bí wọ́n bá ká apá sórí èjìká, ariwo aṣọ ni yóò bo ọ̀rọ̀. Etí fìlà níwájú orí ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí bátìrì tuntun wà níbẹ̀ ní gbogbo alẹ́.