Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mararaba ni mo ń sùn: ta ló ya ìlú báyìí?

Ọmọ Ìkirè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti dé Àbújá. Mararaba, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ni mo ti rí yàrá tí apá mi ká. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń bọ́ síta lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse, nínú Àbújá, síbẹ̀ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya tó wà lójú ọ̀nà á mú wa títí oòrùn á fi yọ sí wa lójú. Wọ́n ní ìlú yìí kò ṣàdédé hù bí ti Èkó, pé orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ó dáa. Nínú ìwé yẹn, ibo ni wọ́n ní kí irú èmi máa sùn?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Tìrẹ tiẹ̀ kéré. Onílé wa níbí, Gbagyi ni, ẹ̀yà tó ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí Àbújá tó dé. Maitama, tó ti di àdúgbò olówó báyìí, ni àwọn bàbá rẹ̀ ti ń dáko kí ìjọba tó kó wọn wá sí Kubwa. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé ẹrù lé èjìká lọ sọ́jà, torí Gbagyi kì í fi orí rù ú. Mo bi onílé wa lẹ́ẹ̀kan bóyá ó máa ń dé Maitama. Ó ní kí lòun ń wá lọ?

Àgbà Kápẹ́ńtà:
Ọmọ mi, mo wà níbẹ̀, jẹ́ n sọ fún ọ.

Ní 1975, Murtala gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí olú-ìlú tuntun torí pé Èkó ti há jù. Adájọ́ Akínọlá Àgúdà ni alága, Táí Ṣólàrín wà lára wọn. (Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ará Òkè Ọya nìkan ló dá a rò, kó wo orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa.) Oṣù kejì 1976 ni òfin tó sọ Àbújá di olú-ìlú tuntun jáde, ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó pa Murtala. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ya àwòrán ìlú, Kenzo Tange ará Japan ló ṣe ti àárín ìlú.

1982 ni mo gúnlẹ̀. Èmi ni mò ń kan pákó tí wọ́n ń da kankéré sí. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa á bò wá dé ìpéǹpéjú. Ìkámpù lébìrà ní Nyanya ni wọ́n kó wa sí. Lọ́jọ́ kan mo wọ ọ́fíìsì ẹnjiníà, àwòrán náà wà lára ògiri, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo ní, “Ọ̀gá, Nyanya ńkọ́?” Ó fi ìka kan ògiri, níbi tí bébà ò dé. Ó ní tí iṣẹ́ bá parí, ká máa lọ sílé.

Ilé wo? Ìyàwó ti wá bá mi, ọmọ méjì ti délẹ̀! 230,000 èèyàn ni wọ́n kọ pé ìpele àkọ́kọ́ ìlú náà máa gbà. Ẹni tó máa se oúnjẹ fún wọn, ẹni tó máa gbá ọ́fíìsì, ẹni tó máa wakọ̀, lójú tèmi wọn ò rò wọ́n dáadáa. Nígbà tí ìjọba kó dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ìkámpù ti di ìlú. Nyanya kún, ó ṣàn kọjá ààlà lọ bá ọ ní Mararaba. Wọn ò gbàgbé yín o. Wọ́n rò pé ẹ máa lọ ni.

Ọmọ Ìkirè:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Yàrá tí ẹ gbé nígbà yẹn, ṣé ó ṣì wà?

Àgbà Kápẹ́ńtà:
Ó wà. Pákó kankéré ni mo fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀, sìmẹ́ńtì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọmọ mi obìnrin ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Òun náà, aago márùn-ún ló ń jáde.