Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí la lè fi pín nọ́ńbà ńlá? Kíákíá ni o!

Ìyá Dérìn: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, app wo ló dáa jù fún wíwá àwọn nọ́ńbà tó lè pín nọ́ńbà ńlá láìṣẹ́kù? Àárọ̀ ọ̀la lọmọ máa gbé iṣẹ́ náà fún olùkọ́.

Bàbá Ọ̀ṣọ́: Nọ́ńbà wo? Ẹ kọ ọ́ síbí ká rí i.

Ìyá Dérìn: 4294967297. Wọ́n ní ká sọ bóyá práìmù ni, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má gba app kankan o! Èyí tó wà lórí fóònù mi ń yọ owó nínú káàdì mi lóṣooṣù, mo pè wọ́n títí, wọn ò gbé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ nọ́ńbà yín sí i báyìí, ó ní 1 ni. Ẹyọ 1!

Adùkẹ́: Yéè! Kí lorúkọ rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mi ò lè dárúkọ, kí wọ́n má lọ pè mí lẹ́jọ́.

Kọ̀ǹpútà Bọ̀ì: Olè tó tún ya òpè. 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn ló ń jẹ́ 4294967296. App tí àyè rẹ̀ kò ju bíìtì 32 lọ (àyè 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1), tó bá ti dé ibẹ̀, á padà sí òdo. Nọ́ńbà yín sì fi ẹyọ kan lé e. Ẹ lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ factor, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e.

Alhaji Mátíìsì: Ta ló ní Linux nílé lálẹ́ yìí? Práìmù ni jàre. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Tíṣà Ìṣirò: Alhaji, Fermat gbà bẹ́ẹ̀ torí pé práìmù ni 3, 5, 17, 257 àti 65537 tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan náà. Euler, onímọ̀ ìṣirò míì, ló tú u fó ní 1732: 641 × 6700417. Ìyá Dérìn, práìmù yòówù tó bá máa pín in, ẹ yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Ẹ dán 193, 257, 449, 577 àti 641 wò, ó parí.

Alhaji Mátíìsì: Ta ló ní 64 gbọ́dọ̀ pín in? Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ mú bírò, Alhaji. 64 lọ́nà 10 jẹ́ 640, 641 tí a yọ 1 kúrò lára rẹ̀ sì nìyẹn.

Adùkẹ́: Ẹ wá lẹ́sìn fún ọmọ náà. Lẹ́sìn ló gba tèmi là, ó ti wà ní SS2 báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọ̀rọ̀ owó mi ńkọ́? Báǹkì ní àfi kí n pa káàdì náà rẹ́!

Ìyá Dérìn: Ẹ ṣé gan-an ni. Olùkọ́ wọn fẹ́ rí iṣẹ́ lórí ìwé, a ti fi bírò bẹ̀rẹ̀ láti 3, a ti dé 97. Práìmù wo ló kàn?

Tíṣà Ìṣirò: 101.