Ọjọ́ tí omi wọlé tọ̀ wá: ẹ sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Ìtirè, Èkó:
Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011. Òjò ti ń rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, mo ní oorun á mà dùn o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ń gbọ́ tí ìkòkò ń gbá ara wọn ní kíṣìnì. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, omi! Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé o. Ihò ilé ìwẹ̀ ló ti ń ru sókè. Kánààlì ẹ̀yìn ilé ti kún, omi ò ríbi lọ, ó yíjú padà sọ́dọ̀ wa. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé orúnkún. Mo kó àwọn ìbejì sórí tábìlì, bàbá wọn ń gbé jẹnẹrétọ̀ kiri bí ẹni gbé òkú tí kò ríbi sin.

Ẹ̀yìn òjò gan-an ni wàhálà. Fóòmù tó mu omi, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e jáde. Fíríìjì kú. Òórùn yẹn, mo fi Izal fọ ilé títí. Àwọn kan máa ń da pàǹtí sí kánààlì náà bí òjò bá ti ṣú. Kí n má parọ́, èmi náà ti dà á rí.

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ (ti Ìkòròdú o, kì í ṣe ti Àpápá):
Ẹ kú àdánù, Ìyá Ìbejì. Tiyín tiẹ̀ bá òjò wá. Oòrùn ń ràn yàà lóṣù kẹwàá ọdún 2010 nígbà tí omi gba ilé wa. Wọ́n ṣí omi dáàmù Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta, odò Ògùn kún dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ọ̀nà tí a ti ń wọ ọ̀kadà, ọkọ̀ ojú omi la fi ń kọjá, a sì ń sanwó.

Dẹ́rẹ́bà:
Lẹ́kìí, Sátidé ọjọ́ 8 oṣù keje, 2017. Ọ̀gá ní kí n wá gbé òun dandan. Àwọn kan ń tukọ̀ kékeré lójú títì, èmi ń wa mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì mu omi. Owó mẹkáníìkì, owó oṣù mi ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń dí ihò ilé ìwẹ̀ kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé: àkísà ni mo ń kì bọ̀ ọ́, màá wá gbé àpò yanrìn lé e. Kò dá omi dúró tán, ṣùgbọ́n mo máa ń ráyè gbé fíríìjì sókè.