Téèpù Tó Tán Kí Orin Tó Tán: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àwọn Démò Rọ́ọ̀kì Seattle àti Olympia

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ kí n tó mọ ohun tí mò ń wá. Ní ọdún kejì tí mo dé Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mo ra àwo orin kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pàtẹ àwo àlòkù. Wọ́n kọ sára rẹ̀ pé àkójọ démò, ìyẹn orin ìdánwò tí ẹgbẹ́ máa ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àwo gidi, ti àwọn ẹgbẹ́ alternative rock tí etí kò gbọ́ rí ni. Èèpo rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀, kò sí orúkọ sítúdíò, kò sì sí orúkọ ẹni tó gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ há bí ẹni pé inú fóònù ni wọ́n ti fà á yọ, orin méjì sì gé lójijì láàárín. Ẹ̀yìn náà ni mo mọ̀ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún yẹn kan náà ni mo dé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Olympia, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, mo sì ro ẹjọ́ mi fún ìyá àgbàlagbà tó ń tajà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó sì fa àwo kan yọ tí etí èèpo rẹ̀ ti họ.

"Jẹ́ kí n fi èyí tó ní bàbá hàn ọ́," ló wí.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Báwo ni mo ṣe máa ń dá irú rẹ̀ mọ̀?"

Ó yí ẹ̀yìn àwo náà sí mi, ó ń fi ìka tọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ àwọn tó jẹ́ aládùúgbò òun nígbà kan rí nínú wọn.

Àwo náà ni Kill Rock Stars, tí òun àti ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde ń jẹ́ orúkọ kan náà. Slim Moon ló dá ilé iṣẹ́ kékeré yìí sílẹ̀ ní Olympia lọ́dún 1991, ó sì fi àkójọ yìí ṣe ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ló jáde, lásìkò àpèjọ orin International Pop Underground tí K Records, ilé iṣẹ́ kékeré mìíràn nínú ìlú kan náà, ṣe. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi tẹ èèpo àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́. Bikini Kill wà nínú rẹ̀, Bratmobile, Heavens to Betsy, Unwound àti Melvins náà sì wà níbẹ̀. Kí n má parọ́, Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí òkìkí rẹ̀ padà kàn káyé, ni mo tìtorí rẹ̀ rà á, torí pé orin wọn kan tó ń jẹ́ "Beeswax" wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyókù ni n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí "Feels Blind" tí Bikini Kill kọ, tí ohùn Kathleen Hanna, akọrin wọn, bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó sì wá bú jáde bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ká lára tipẹ́, mo dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ́ kí àwo náà máa lọ.

Orí "Beeswax" ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kínní ọdún 1988 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Reciprocal Recording, sítúdíò kékeré kan ní àdúgbò Ballard ní Seattle, lọ́wọ́ Jack Endino, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. Kurt Cobain, akọrin Nirvana, kò tíì pé ọmọ ọdún 21, Krist Novoselic ló ta gìtá béèsì, Dale Crover tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Melvins ló sì bá wọn lùlù. Wọ́n gba orin mẹ́wàá láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, dọ́là 152 àti sẹ́ǹtì 44 sì ni Cobain san, láti inú owó iṣẹ́ agbálẹ̀ tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tó kẹ́yìn, "Pen Cap Chew", téèpù tán. Wọn kò fẹ́ náwó lé róòlù mìíràn, nítorí náà Endino rọra fa ohùn orin náà wálẹ̀ títí ó fi parẹ́. Ẹni tó bá ti lo téèpù sítúdíò rí mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí, nítorí pé bí téèpù bá ń sáré ínṣì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, róòlù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2,500 kò ní ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 33 lọ. Endino fẹ́ràn ohun tó gbọ́, ó ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ fún ara rẹ̀, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan dé ọ̀dọ̀ Jonathan Poneman ní Sub Pop, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Seattle, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti là fún wọn.

Méjì nínú àwọn orin náà, "Floyd the Barber" àti "Paper Cuts", wọ inú Bleach, àwo ńlá àkọ́kọ́ Nirvana, lọ́dún 1989. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló gbé díẹ̀ nínú àwọn tó kù jáde kí ayé tó mọ orúkọ ẹgbẹ́ náà. C/Z Records fi "Mexican Seafood" sínú àwo kékeré Teriyaki Asthma lọ́dún 1989 kan náà. C/Z yìí náà ló ti kó ẹgbẹ́ mẹ́fà jọ sínú Deep Six lọ́dún 1986, tí Soundgarden àti Green River wà nínú wọn. Ẹ̀dà 2,000 ni wọ́n tẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tà tán. Nígbà tí òkìkí Nirvana kàn tán ni ilé iṣẹ́ ńlá wá kó "Beeswax" àti "Mexican Seafood" sínú Incesticide ní oṣù Kejìlá ọdún 1992. Mo ní Incesticide, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwo Olympia ló fi ibi tí orin náà ti wá hàn mí. Nínú Incesticide, ohun ìní gbajúmọ̀ ni. Nínú Kill Rock Stars, ọmọ àdúgbò ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ariwo gìtá rẹ̀ kò sì dáa ju tiwọn lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé èmi náà ti gba démò sílẹ̀ rí. Ní Ìbàdàn, lọ́dún 1999, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa dáwó jọ, a sì gba orin mẹ́ta sílẹ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ bá a nílẹ̀ yóò rántí àwọn eyín kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn máa ń ṣẹ́ kí ẹ̀rọ má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí. N kò ṣẹ́ wọn. Àbúrò mi obìnrin kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi gba ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi kan sílẹ̀. Títí di òní, bí ìwàásù náà bá parí, ìparí orin wa kẹta á yọ, bíi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ìlù àti gìtá nìkan, láìsí ohùn.

Mo gbọ́ "Pen Cap Chew" fúnra rẹ̀ nínú With the Lights Out, àpótí orin tó jáde lọ́dún 2004. Bí ohùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, tí Cobain sì ń kọrin lọ, mo dìde láti wo ẹ̀rọ mi bóyá ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é, mo jókòó, n kò sì lè gbé orin mìíràn sí i lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pe ẹ̀gbọ́n tó ń ta gìtá fún wa nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ní ẹ̀dà tiyín?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní àfi kí òun wo inú àpótí ìyá òun tí òun bá délé ní Kérésìmesì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá rí i, kó má tíì gbé e sínú ẹ̀rọ kankan. Kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì ṣẹ́ eyín rẹ̀ méjèèjì.