Ẹ̀yin ará Philippines, BP mi ti gòkè o!

Àdùkẹ́, Manila: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Oṣù 7 péré ni mo lò níbí, mo ti fi kílò 9 sanra. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé wo BP mi lánàá, 150/95! Ọmọ ọdún 20 ni mí. Onílé kò jẹ́ ká dáná, carinderia, búkà àwọn ará ibí, ni mo ti ń jẹun. Àwọn ọmọ Filipino kíláàsì wa ń jẹ ìrẹsì jù mí lọ, kí ni wọ́n ń ṣe tí ara wọn fi le?

Akin, Cebu: Unli rice ni, ìrẹsì àjẹtẹ́rùn yẹn. Èmi náà ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́, àwo mẹ́rin lówó ẹyọ kan. Owó àyẹ̀wò àti oògùn tí mo san lẹ́yìn náà tó owó oúnjẹ oṣù méjì.

Ìyá Ìbejì, Davao: Three-in-one ni, Akin, kọfí oníṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn! Ife márùn-ún lálẹ́ ìdánwò, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀. Ṣebí ìdí tí ìjọba fi gbé owó orí písò 6 lé lítà ohun mímu aládùn ní 2018 nìyẹn.

Akin: Ẹ má bínú mà, wọ́n yọ three-in-one sílẹ̀ nínú òfin yẹn. Ìrẹsì ni mo sọ. Ẹ rántí ariwo 2017, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Cynthia Villar ní kí wọ́n dáwọ́ unli rice dúró?

Ìyá Ìbejì: Mo rántí. Three-in-one náà ni.

Ọmọ Ìbàdàn, Baguio: Àbúrò, ara tiwọn náà ò le tó bẹ́ẹ̀. Pancit canton, núdù inú páálí bíi Indomie, ni ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ń jẹ sùn. Èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń rí ẹ̀fọ́ jẹ. Èyí tó háyà bẹ́ẹ̀dì bíi tiwa, ibi tí owó bá mọ ni. Tí barkada, àwọn ọ̀rẹ́ wọn, bá sì ti ní milk tea yá, ó yá náà nìyẹn. PATHFit, kọ́ọ̀sì eré ìdárayá tó pọn dandan ní yunifásítì, ló ń yọ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó jáde. Wá sí Baguio, òkè wa á yọ́ kílò 9 yẹn.

Akin: Òtútù nìkan lẹ ní. Ẹ ò ní lechon Cebu, odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun.

Ìyá Ìbejì: Lechon fún ọmọ tí BP ẹ̀ jẹ́ 150? Àdùkẹ́, lọ bá dókítà kó tún un wò.

Àdùkẹ́: Màá lọ mà. Alẹ́ òní ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ Ẹtì nìyí, monggo á wà. Ẹ̀wà ni. Àwo ìrẹsì kan péré.

Ọmọ Ìbàdàn: Ewédú pọ̀ lọ́jà wa o! Saluyot ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Ilocos kì í fi í ṣeré.

Akin: Ewédú? Ìjábẹ̀ dà?

Ọmọ Ìbàdàn: Ìyá mi ti fi sáàárín aṣọ mi láìsọ fún mi. Ọjọ́ tí mo rí i, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Àdùkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, Baguio jìnnà sí Manila tó?