Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi mú bíà ilé korò dípò hops, ní Òṣogbo níbí?

Ọmọ Òkè-Fíà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkà bàbà ni mo fi ń pọn bíà nílé, lítà 10 lẹ́ẹ̀kan, fún èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ń rí ọkà, mo ń rí yíìsì. Hops, òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà, ló ń dá mi lágara. Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e, nígbà tó bá sì fi máa dé ọwọ́ mi, òórùn rẹ̀ á ti ṣá. Mo ń wá ohun kíkorò tí mo lè rà ní ọjà Ìgbọ̀nà tàbí kí n já a lẹ́yìnkùlé. Ṣé ewúro ni àbí orógbó? Mi ò ṣáà fẹ́ kó dà bí àgbo ibà lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlẹ́wé Ọmọ:
Ewúro ni, láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n má ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe hops. Oje inú hops kì í fi bẹ́ẹ̀ korò nínú omi àfi tí a bá sè é pẹ́, bíi wákàtí kan. Iná yẹn ló ń yí i padà. Ewúro ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ ewúro fún ọbẹ̀ rí mọ̀ pé omi tútù lásán ti tó láti fa kíkorò rẹ̀ jáde. Tí o bá wá gbé e kaná fún wákàtí kan, ohun tí o máa rí kún un ni àwọ̀ ewé àti adùn ewé sísè. Ibẹ̀ gan-an ni àgbo tí ò ń sá fún ti ń wọlé.

Já ewé tó gbó, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́. Ṣan iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n má gbo ó rárá, torí oje tí a máa ń fọ̀ dànù tí a bá fẹ́ sebẹ̀ ni à ń wá báyìí. Sá a sábẹ́ ibòòji títí yóò fi gbẹ táútáú, kí òórùn ewé tútù lè kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó gíráàmù 5 ewé gbígbẹ sínú ìdajì lítà omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, dé e fún 20 ìṣẹ́jú, kí o fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Dé e padà títí yóò fi tutù.

Ní ti ìwọ̀n, mi ò lè dá iye kan fún ọ, torí ewúro igi kan kì í korò tó ti èkejì. Ahọ́n rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Bu bíà mílílítà 100 sínú ife, fi síríńjì fa omi ewúro, máa fi mílílítà kọ̀ọ̀kan kún un, kí o máa tọ́ ọ wò. Ibi tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn ni kí o dúró sí. Mílílítà 1 nínú ife yẹn já sí mílílítà 100 fún lítà 10; bí ó bá jẹ́ 2, á já sí 200.

Jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́ tán kí o tó wọ̀n ọ́n o. Ṣúgà inú omi ọkà máa ń bo kíkorò mọ́lẹ̀. Tí yíìsì bá wá jẹ ṣúgà náà tán, kíkorò á yọ síta ju bí o ṣe rò lọ, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́ mọ́.

Àǹfààní mìíràn tí ewúro ní: ìfófòó tí ẹ máa ń rí nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Bíà ọkà bàbà tí kò ní ìfófòó tó máa ń rí i gbà níbẹ̀.

Gbó-Sáyé:
Mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́wé, ṣùgbọ́n orógbó ni tèmi. Ewúro máa ń dúró pẹ́ lẹ́yìn ahọ́n. Ti orógbó máa ń tètè lọ, ó sì máa ń fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n níbi ìsọmọlórúkọ. Bó èèpo rẹ̀, gé e pẹlẹbẹ, sá a, kí o gún un kúnná. Kíkorò rẹ̀ kì í yá jáde bíi ti ewúro, nítorí náà sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó máa ń jẹ́ kí bíà dúdú díẹ̀, kì í sì í mọ́ gaara, ó sì máa ń fa ẹnu pọ̀ tó bá ti pọ̀ jù. Díẹ̀ ni kí o lò.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ro èyí o. Ní 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì (ọkà òkè òkun tí wọ́n ti hù fún pípọn bíà) wọ Nàìjíríà, àwọn ilé ìpọntí yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn onímọ̀ wa ní àwọn yunifásítì pẹ̀lú ti yẹ ọ̀rọ̀ hops wò, bóyá ohun tiwa lè rọ́pò rẹ̀. Orógbó, ewúro àti utazi (ewé ọbẹ̀ kíkorò àwọn Igbo) wà lára ohun tí wọ́n dán wò.

Ìyá Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ò mọ hops, bùrùkùtù ò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ọtí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọn kì í pẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á ti kan. Iṣẹ́ méjì ni hops ń ṣe: ó ń korò, ó sì ń dí àwọn kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan lọ́wọ́. Ẹ ti ń wá arọ́pò iṣẹ́ àkọ́kọ́, ta ló máa ṣe èkejì?

Ìmọ́tótó ni, ọmọ mi, àti òtútù. Omi híhó ni kí o fi ṣan gbogbo ohun tó máa kan ọtí náà lẹ́yìn tó bá ti tutù: korobá, ṣíbí, ìgò, aṣọ ìsẹ́ pàápàá. Tó bá ti pọn, gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì tètè mu ún. Má pọn èyí tí ẹ ò ní lè mu tán.

Ohun kan tún wà tí n kò rí i kí ẹnikẹ́ni sọ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo ń hu ọkà fúnra rẹ, nígbà tó bá gbẹ tán, fi ọwọ́ ra á dáadáa kí gbòǹgbò àti èèhù ara rẹ̀ já kúrò, fẹ́ ẹ dànù, kí o sì se omi ọkà náà láìdé ìkòkò. Májèlé wà nínú èèhù ọkà bàbà. Àwọn Fúlàní darandaran mọ̀ pé màlúù tó bá jẹ ọ̀mùnú rẹ̀ lè kú.

Ọmọ Òkè-Fíà:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Mo máa ń ra á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí rẹ̀ pátá. Ìbéèrè kan: kí ni ti òórùn? Hops máa ń ní òórùn bí òdòdó, ewúro ò ní ìyẹn.

Àdùkẹ́ Onílé-Ewé:
Koríko ọba ló rọrùn jù, fi sí i nígbà tí o bá fẹ́ sọ iná kalẹ̀. Ẹ̀fínrín náà dára, ṣùgbọ́n ewé méjì sí mẹ́ta ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó máa gba gbogbo ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀rù ni mo fẹ́ràn jù: fọ́ ẹyọ kan tàbí méjì, má lọ̀ ọ́. Èèpo ọsàn náà dùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ara funfun abẹ́ rẹ̀ kúrò.

Kí ojú má tì yín pé ewé lẹ ń lò. Àwọn ará Etiópíà ń fi ewé àti igi gesho pọn tella tó jẹ́ ọtí ọkà wọn, àti tej tó jẹ́ ọtí oyin, títí di òní. Ní Yúróòpù náà, àdàlù ewé tí wọ́n ń pè ní gruit ló ṣáájú hops. Òfin Bavaria ti 1516, ní ilẹ̀ Jámánì, ló wá ní báálì, hops àti omi nìkan ni kó máa wà nínú bíà.

Ilé-Oògùn:
Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ohun kíkorò la fi ń pọn ọtí. Ẹ má fi asọ́fẹyẹjẹ sí i lábẹ́ bó ti wù kó rí. Egbò rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń kun ènìyàn lóorun. Tó bá pàdé ọtí, ó léwu gidigidi. Dóńgóyárò náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí a ti ń jẹ nínú oúnjẹ wa ni kí ẹ dúró lé lórí. Ewúro náà lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ sọ fún àlejò tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó tó gbé ife.

Ọmọ Alùfáà:
Èmi kì í mu ọtí, ṣùgbọ́n mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ṣé mo lè fi omi ewúro yìí ṣe móòtì aláìlọ́tí fún àwọn ọmọ?

Ẹlẹ́wé Ọmọ:
Ó ṣe é ṣe dáadáa. Móòtì inú ìgò tí à ń rà náà sábà máa ń ní hops nínú. Se omi ọkà rẹ, má fi yíìsì sí i, kán omi ewúro díẹ̀ sí i, gbé e sínú fíríìjì kíá, kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ méjì. Tó bá ti ń hó fúnra rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ọmọ Òkè-Fíà:
Mo fẹ́ fi ewúro àti orógbó wé ara wọn nínú ìkòkò kan náà. Ṣùgbọ́n Gbó-Sáyé ní kí n se orógbó, ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́wé sì ní kí n fi ewúro sí i lẹ́yìn tí yíìsì bá ti ṣiṣẹ́ tán. Báwo ni kí n ṣe pín in?

Gbó-Sáyé:
Se orógbó lọ́tọ̀ nínú ìdajì lítà omi, sẹ́ ẹ dáadáa, kí o lò ó bíi ti ewúro. Àwọn méjèèjì á di omi kíkorò tí o máa fi síríńjì wọ̀n.

Ẹlẹ́wé Ọmọ:
Bẹ́ẹ̀ ni. Kí o sì pín in sí mẹ́ta, má pín in sí méjì. Fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i, kí o lè mọ èyí tó jẹ́ ti ewé àti èyí tó jẹ́ ti ọkà. Kọ orúkọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan kó tó wọ fíríìjì.